Ibi Tí Mò Ń Lọ àti Ìgbà Tí Màá Dé

Ọmọ mi obìnrin kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ó pè mí lórí fóònù láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, ní ilé ìwòsàn kan ní Crumpsall, ní Manchester níbí, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Kò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dùn mí jù.

"Mọ́mì," ó ní, "tí ẹ bá tún sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i pé kí n má lọ, màá lọ náà ni. Àmọ́ mi ò ní sọ fún yín mọ́ tí mo bá ń lọ."

Òkun ni Mojí ń lọ. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan wà tó ń jẹ́ Ẹ̀sọ̀. Òun ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sì ti wà lórí tírélà rẹ̀ lẹ́yìn ilé wa ní Fallowfield láti ọdún méjì sẹ́yìn tí orúnkún mi ti ní ó tó gẹ́ẹ́. Mojí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì fẹ́ wọ́ ọ lọ sí àríwá Scotland lóṣù tó ń bọ̀, láti lọ pa ẹja ńlá ìsàlẹ̀ omi. Tó bá dára fún wọn, ó ní òun á fi iṣẹ́ ilé ìwòsàn sílẹ̀, òun á máa kó oníbàárà lọ sójú omi bí mo ti ṣe. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Èmi nìkan kọ́ ni mo bí i, ṣùgbọ́n òun nìkan ni mo bí.

Ìgbà mẹ́rin ni mo ti sọ fún un pé kó má lọ. Mo kà á. Lẹ́yìn ìkìlọ̀ rẹ̀ yẹn mo jókòó sídìí tábìlì, mo gbé gbogbo ewu tí mo mọ̀ lórí omi yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò sì rí èyí tó burú tó kí ènìyàn wà lójú omi kí ẹnikẹ́ni má mọ ibi tó wà. Mo mọ̀, nítorí mo ti wà níbẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, létí ọ̀sà. Mo parí ilé ìwé girama, mo fẹ́ ọkọ, mo sì tẹ̀ lé e wá sí Manchester. Bàbá Mojí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé kan. Hulme la kọ́kọ́ gbé, nínú àwọn ilé gígùn tó tẹ̀ bí òṣùpá tuntun, tí wọ́n ti wó báyìí. Nígbà tí Mojí pé ọmọ ọdún mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, mo lọ wá iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹja kan nísàlẹ̀ ilé wa.

Bàbá Màhín ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Orúkọ ìlú rẹ̀ la fi ń pè é. Ìlàjẹ ni, àwọn tí wọ́n ń bí sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ẹrù ló gbé e wá sí ìlú òyìnbó nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó sì ṣiṣẹ́ ní èbúté Salford títí wọ́n fi tì í pa. Owó tí wọ́n fi yọ wọ́n níṣẹ́ ló fi ra Ẹ̀sọ̀.

"Ṣé o lè la ẹja?" ló bi mí.

"Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, sà."

"Mi ò bi ọ́ níbi tí wọ́n bí ọ sí."

Mo la ọ̀kan níwájú rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé. Owó iṣẹ́ náà kéré, ṣùgbọ́n kò pẹ́ rí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkùnrin tó ń bá a lọ sójú omi ríṣẹ́ síbòmíràn, bàbá bá ní kí n wá fi ọwọ́ mi rọ́pò tirẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógún ni Ẹ̀sọ̀, ó ní ilé kékeré kan níwájú àti ẹ́ńjìnì kan nídìí. Èbúté kan ní àríwá Wales la ti ń gbéra, ìrìn mọ́tò wákàtí méjì láti Manchester. Oníbàárà mẹ́rin là ń kó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á mú ọ̀pá ìwọ̀ wọn dání. Tiwa ni láti gbé wọn dé ibi tí ẹja ìsàlẹ̀ omi wà, ká ju ìdákọ̀ró, ká fi ìjẹ sí ìwọ̀, ká yọ ẹja, ká là á, ká sì gbé gbogbo wọn padà láàyè. Bàbá Màhín máa ń sọ pé èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni iṣẹ́, pé ìyókù, eré ni.

Ó le. Mi ò ní purọ́ fún yín. Lọ́jọ́ kejì tí mo bá a lọ, mo po tíì fún un. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ìgbì kan gbé ọkọ̀. Tíì dà sí itan bàbá, èmi náà yí gbiri, mo lọ bá bókẹ́ẹ̀tì ìjẹ. Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Mojí, ta lò ń kúnlẹ̀ fún?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ìgbì lò ń kúnlẹ̀ fún. Tí a bá dé ṣọ́ọ̀bù, kúnlẹ̀ títí orúnkún rẹ á fi bó, màá gbà á. Níbí, ọwọ́ kan fún ọkọ̀, ọwọ́ kan fún iṣẹ́. Tó bá jẹ́ ọwọ́ òsì lo fi gbé tíì fún mi, màá mu ún."

"Ọwọ́ òsì, Bàbá?"

"Ẹsẹ̀ pàápàá, tó bá ṣáà ti mọ́."

Ó pé oṣù mẹ́fà kí ara mi tó gbà á. Ẹ mọ bí ó ti ṣòro tó fún ẹni tí a tọ́ dáadáa láti na ọwọ́ òsì sí àgbàlagbà.

Ó kọ́ mi ní kókó okùn. Ó ní kí n so ọ̀kan náà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn náà kí n fi gèlè di ojú mi kí n so ó ní ọgọ́rùn-ún mìíràn. Mo ṣe é nídìí tábìlì ṣọ́ọ̀bù, láàárín oníbàárà kan sí èkejì. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún dì, mẹ́ta tú. Inú mi dùn, mo ka iye náà fún un.

Ó ní, "Ẹni mẹ́ta ti kú."

Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan.

Ó tún ní òjé kan tó wúwo bí ọmọ ọwọ́, ihò kékeré wà nídìí rẹ̀. Yóò fi ọ̀rá màlúù di ihò náà, yóò so okùn mọ́ ọn, yóò sọ ọ́ sómi. Bí okùn náà bá ti gùn tó, a ó mọ bí omi ti jìn tó. Bí a bá fà á sókè, ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọ̀rá ni ìròyìn ìsàlẹ̀: yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, tàbí ìkarahun fífọ́. Ibi ìkarahun ni ẹja pẹlẹbẹ máa ń sùn sí. Bàbá á ní kí n fi ahọ́n kàn án. Mo ti tọ́ ìsàlẹ̀ òkun wò, mi ò sì tíì fojú rí i títí di òní.

Gbogbo ohun tó ní kí n ṣe ni mo ń kọ sínú ìwé kékeré kan: bí omi ti jìn tó, irú ẹja, ìgbà tí omi ń wọlé àti ìgbà tó ń fà padà. Bàbá kì í kọ nǹkan kan. Orí rẹ̀ ló fi ń ṣe ìwé. Nígbà yẹn, a kò ní ohunkóhun tó lè sọ ibi tí a wà fún wa bí kò ṣe ojú wa. A ó wo ilẹ̀: tí ilé gogoro oníná bá bọ́ sẹ́yìn orí erékùṣù báyìí, tí òkè méjì tó wà lókèèrè bá sì pàdé di ọ̀kan, a mọ̀ pé a ti dé orí ọkọ̀ irin kan tó rì láyé ogun. Ọkọ̀ tó rì, ilé ẹja ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí bàbá kì í ṣe. Ìwé ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà èbúté tí gbogbo ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ibi tó ń lọ àti ìgbà tó máa dé sí. Bàbá á kọ "òkun" ní Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó tó ń ṣọ́ èbúté á bi í pé apá ibo nínú òkun. Bàbá á ní, "Apá tó lómi." Tí a bá ti kúrò níbẹ̀, á yíjú sí mi: "Nílé wa, a kì í bi apẹja níbi tó ń lọ. Tí o bá ti bi í, ẹja ti gbọ́."

Mi ò bá a jiyàn, torí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tọ́ èmi. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹni tó ń rìnrìn àjò, kó dé tán kó tó sọ. Gbogbo wa ní Manchester là ń ṣe é. Ẹ ó rí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ ó bọ ara yín lọ́wọ́, tó bá di Ọjọ́rú ẹ ó gbọ́ pé ó ti wà ní Lagos. Ẹ ó bi ìyàwó rẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú, ẹ mọ bí ayé ṣe rí."

Bí èmi náà ṣe fi ojú òkun pa mọ́ fún ọkọ mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kú sómi nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Títí di òní, tí ọkọ̀ bọ́ọ̀sì bá ń gba orí afárá kọjá, ilẹ̀ bọ́ọ̀sì ló máa ń wò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un? Mo sọ fún un pé èmi àti Bàbá Màhín ń lọ gbé ẹja létí òkun. Etí òkun kì í ṣe irọ́. Àárín rẹ̀ ni mi ò sọ. Mo rò pé màá sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó di ọdún méjì.

Mojí nìkan ló mọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí n tó lọ, mo máa ń di irun rẹ̀ fún Ìsinmi. Yóò jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, yóò bi mí ní ìbéèrè méjì kan náà.

"Mọ́mì, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Mò ń lọ síbi tí ọkọ̀ irin kan ń sùn."

"Níbo ló ń sùn sí?"

Màá sọ fún un bí ìtàn, bí mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi gẹ́lẹ́: orúkọ èbúté tí a ti ń gbéra, ilé gogoro oníná tó bọ́ sẹ́yìn orí erékùṣù, òkè méjì tó di ọ̀kan, omi tó jìn tó ogójì mítà. Ó mọ̀ ọ́n lórí bí ẹsẹ Bíbélì.

"Ìgbà wo lẹ máa dé?"

"Kí o tó wẹ̀."

Mo sọ fún un torí pé ọmọdé ni. Mi ò kà á sí ẹni tó ń gbọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ọjọ́ burúkú náà dé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ojú ọjọ́ dára, oníbàárà mẹ́rin láti Salford ló wà nínú ọkọ̀. A wà lórí ọkọ̀ irin yẹn, ẹja sì ń jẹ dáadáa. Lẹ́yìn aago kan ọ̀sán, atẹ́gùn yí padà. Bàbá gbọ́ ọ létí kí èmi tó rí i lójú omi. Ó ní ká fa ìdákọ̀ró, ká máa lọ. Bí ọkọ̀ ti ń rìn síwájú, okùn ìdákọ̀ró dẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ irin ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìyẹn fi burú. Iwájú ọkọ̀ ni wọ́n kàn láti fi gba ìgbì. Ìdí rẹ̀ kúrú. Nígbà tí okùn lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀, ìdí ọkọ̀ ló kọjú sí ìgbì, ìdákọ̀ró sì dì í mú síbẹ̀ bí ìgbà tí a di ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Ìgbì àkọ́kọ́ wọlé, omi dé kókósẹ̀ mi. Ìkejì wọlé, omi dé àárín ojúgun.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gé okùn."

Ó ní, "Má gé e!"

Ìdákọ̀ró yẹn, inú ọkọ̀ tó gbé e kúrò nílé ló ti mú un. Kò ní nǹkan mìíràn láti ibẹ̀. Ó lọ sídìí ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di okùn mú, ó ń fà á. Ọwọ́ méjèèjì. Bàbá Màhín tó kọ́ mi. Ìgbì kẹta gbé e, ó nà án mọ́ ara ilé kékeré yẹn, mo sì gbọ́ ọ nígbà tí apá rẹ̀ kán.

Àgbà ló ní kí n má gé e. Mo gé e. Ọ̀bẹ ẹja ni mo fi gé e, mo sì fi ọwọ́ òsì di ọkọ̀ mú.

Ọkọ̀ yípo, ó sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n omi ti bo bátìrì, rédíò sì ti kú. Iná pupa méjì tí a fi ń pe ìrànlọ́wọ́ la ní. Ọ̀kan ti rin, mo yin èkejì, ẹnikẹ́ni kò rí i. Mo so bókẹ́ẹ̀tì ńlá mọ́ okùn, mo sọ ọ́ sómi láti iwájú kó lè máa fa imú ọkọ̀ sínú ìgbì. Kókó náà kò tú. Mo pín àwọn ọkùnrin náà sí méjì méjì, kí wọ́n máa gbọ́n omi, ọgọ́rùn-ún abọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn kejì gbà á. Kí wọ́n má baà bẹ̀rù ni mo ṣe ní kí wọ́n máa kà á sókè. Mo fi gèlè mi di apá bàbá.

Ó wo ojú mi fún ìgbà pípẹ́. "Ìyá Mojí," ó ní, "ta ló mọ ibi tí a wà?"

"Mojí."

"Mojí wo?"

"Mojí tèmi."

"Ọmọ ọdún mẹ́fà?"

"Ó bi mí ni, Bàbá."

Ó di ojú rẹ̀. Mo rò pé apá ló ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ó ń sunkún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, ẹnu ọkọ mi ni mo ti gbọ́ ọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù, ó gbé omi sílẹ̀ fún Mojí láti wẹ̀. Mojí ní òun kò wẹ̀. Ó ní Mọ́mì kò tíì dé. Bàbá rẹ̀ ní kó má dààmú, pé mọ́tò ló pọ̀ lójú títì. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó ní, "Wọn ò sí lójú títì! Wọ́n wà lórí ọkọ̀ tó ń sùn!" Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, lẹ́nu ọmọ tó wà níhòòhò nídìí omi ìwẹ̀: èbúté, ilé gogoro oníná, erékùṣù, òkè méjì, ogójì mítà. Olùkọ́ ìṣirò ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì pe àwọn tó ń gba ènìyàn là lójú omi. Wọ́n ní kí ọmọ náà tún un sọ. Ó gba fóònù, ó tún un sọ, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Ìṣàn omi ti gbé wa kúrò níbẹ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti mọ ibi tí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè ṣe ìṣirò ibi tó máa wà. Oòrùn kò tíì wọ̀ tán nígbà tí mo rí ọkọ̀ wọn, ó pupa bí ata, ó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ wa.

Ọkọ mi dúró létí èbúté, ó gbé Mojí mọ́ra nínú kóòtù rẹ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò gbà. Ó ní, "Ìyá Mojí, o kú ewu." Nígbà tí a délé, tí ọmọ ti sùn, tó ti po tíì fún mi, ó ní, "Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Kí ló dé tí o fi lè sọ fún ọmọ, tí o kò lè sọ fún mi?"

Mo ronú dáadáa kí n tó dáhùn, torí ó yẹ kí n sọ òótọ́.

Mo ní, "Torí pé òun ò ní ní kí n má lọ."

"Ó dára," ó ní. "Èmi náà ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n màá máa bi ọ́."

Ọdún mẹ́rìnlá tó tẹ̀ lé e ni ó fi bi mí. Ìwé kan wà lára ògiri ilé ìdáná wa tí mo ń kọ ọ́ sí. Bàbá Màhín náà yí padà. Lọ́jọ́ tí wọ́n tún Ẹ̀sọ̀ ṣe tán, apá ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà nínú símẹ́ńtì dókítà, ó lọ bá ìwé ńlá èbúté, ó fi ọwọ́ òsì kọ ibi tí a ń lọ ní lẹ́tà gbàgìdì gbàgìdì. Òyìnbó yẹn kà á, ó bọ́ fìlà rẹ̀. Bàbá ní, "Kí ẹja gbọ́ tó bá fẹ́." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi: "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí Mojí fọmọ mi."

"Bàbá, kí ni 'fọmọ mi'?"

"Èdè Ìlàjẹ ni. Má bi mí."

Irọ́ ni. Ojú ló ń tì í. "Kí Mojí fún mi" àti "kí ọmọ mi" ló fẹ́ sọ pọ̀, ọ̀rọ̀ ló lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

Àwọn irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Lákọ̀ọ́kọ́ a ra ẹ̀rọ kan tó ń ya àwòrán ìsàlẹ̀ omi sórí bébà. Lẹ́yìn náà ni èyí tó ń fi í hàn lójú gíláàsì bí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1990, ẹ̀rọ kan wà tó lè fi nọ́ńbà sọ ibi tí ọkọ̀ wà gan-an. Oníbàárà ń mú fóònù alágbèéká wá. Inú mi dùn sí gbogbo wọn, mo sì kọ́ bí a ṣe ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á sọ ibi tí o wà fún ìwọ. Kì í sọ ọ́ fún ẹni tó ń dúró dè ọ́ nílé.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé wa ní Hulme, a wọ́ Ẹ̀sọ̀ lọ sí àríwá Scotland. Hálíbọ́ọ̀tì la bá lọ. Ẹ mọ abo, ẹja pẹlẹbẹ tí a ń jẹ nílé? Ẹ fi ojú inú wo abo tó tóbi tó ilẹ̀kùn. Ọjọ́ méjì la fi sọ ìwọ̀ láìrí nǹkan. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kan gbé ìjẹ ọwọ́ mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ilẹ̀ ni ìwọ̀ mi há sí, títí ilẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ogójì ìṣẹ́jú gbáko. Nígbà tó yọ lójú omi, mo fẹ́ fi ìkọ́ gbé e wọlé, Bàbá pariwo: "Má gbé e wọlé láàyè! Á fọ́ ọ lẹ́sẹ̀!" Òótọ́ ni, ẹja yẹn lè fi ìrù fọ́ pákó. A so okùn mọ́ ìrù rẹ̀, a jẹ́ kó sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ títí ẹ̀mí rẹ̀ fi lọ. Bàbá fi ọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Mo la ẹja yẹn sí ọ̀nà mẹ́tàlá. Ilé mẹ́tàlá ló ṣì kù tí ènìyàn ń gbé lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Hulme, gbogbo àwọn yòókù ti kó lọ. Mojí ló gbé e ká. Ilé kọ̀ọ̀kan gba ẹyọ kan. Àwọn kan fi bọ́tà dín in, èmi fi ata sè é. Òórùn ẹja kan náà ló jáde láti ẹnu ọ̀nà gbogbo wa ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ìgbà ìkẹyìn tí a jọ jẹun lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan kí wọ́n tó wó o.

Ojú Bàbá Màhín kò ríran dáadáa mọ́ lẹ́yìn náà. Ó fi ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́, ó sì padà sí Màhín. Kó tó lọ, ó pe Mojí, ó gbé òjé yẹn fún un. Ó fi ọwọ́ òsì gbé e fún un. Mojí kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Orí ilẹ̀ la wà.

Mo wa Ẹ̀sọ̀ fúnra mi títí orúnkún mi fi kọ̀. Èmi tí mo bẹ̀rù omi fún ọmọ mi, èmi ni mo fi omi tọ́ ọ. Ta ni mo fẹ́ bínú sí?

Nítorí náà, lánàá, mo pe Mojí. Mo ti múra ìbéèrè méjì sílẹ̀, mo sì kọ wọ́n sórí bébà kí n má baà fi ẹ̀kẹta kún un.

"Mojí, níbo lò ń lọ?"

Ó ń retí ohun tó máa tẹ̀ lé e. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ: èbúté tí wọ́n máa ti gbéra, erékùṣù tó máa wà lápá òsì wọn, bí omi ti jìn tó, orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo kọ ọ́. Mo kà á padà fún un. Ó tún nọ́ńbà kan ṣe.

"Ìgbà wo lo máa dé?"

"Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀, ní ìrọ̀lẹ́. Mọ́mì, ó tán? Ẹ ò ní sọ nǹkan mìíràn?"

"Ó tán."

"Ṣé kí n pè yín tá a bá ti gúnlẹ̀?"

"Kí o tó wẹ̀," ni mo wí.

Mi ò mọ̀ bóyá ó rántí. Ṣùgbọ́n ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì." Bébà náà ti wà lára ògiri báyìí, bàbá rẹ̀ ló fi gúmù lẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ṣe é, ó dára. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbéra, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa dé fún ẹnì kan tó wà lórí ilẹ̀. Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá sọ fún yín, ẹ má pariwo lé e lórí. Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.